Òṣùpá àrànmọ́jú ní Ayétòrò: àkọsílẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹjọ, 2023

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí mo fi kúrò ní Ìbàdàn. Ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ la gbà, a kọjá Oǹdó, a já sí Orè, ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ Òkìtìpupa. Láti oṣù karùn-ún tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó tí mo fi lọ tí mo fi bọ̀ lọ́dún tó kọjá kò tó mi í lọ mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ títí a fi dé Orè, orí epo náà ni.

Ìdí tí mo fi ń lọ rèé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo ìdílé wa ń pè ní Bàbá Ayétòrò, ń gbé ní Ayétòrò ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní etí òkun gan-an. Ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, wọ́n pè mí, wọ́n ní, “Ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì, kí ni wọ́n sọ nípa ojú ọjọ́?” Mo ní rédíò sọ pé òjò máa dáwọ́ dúró díẹ̀, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Òótọ́ ni, òjò ò rọ̀. Oòrùn ń ràn kanrin lọ́jọ́ tí òkun wọ ilé ìdáná ìyàwó wọn, tó gbé ààrò ẹja lọ àti ẹja tó wà lórí ẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé pé òjò ni wọ́n bi mí, òjò ni mo dáhùn, òkun ló sì dé.

Lọ́dún yìí, òṣùpá ni mo fi mú ọjọ́ ìrìn-àjò mi. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31, ni òṣùpá máa kún, ẹ̀ẹ̀kejì nínú oṣù kan ṣoṣo, kò sì sí òṣùpá àrànmọ́jú mìíràn ní ọdún 2023 tó máa sún mọ́ ayé tó o. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ohun tí omi máa ṣe.

Igbókòdá ni mo sùn. Ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀, atẹ́gùn tutù, òjò ò rọ̀. Bí oṣù kẹjọ ṣe ń rí lápá ibí nìyẹn: òjò ti lọ sinmi, ó di oṣù kẹsàn-án kó tó padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Kẹjọ

Mo dé èbúté Igbókòdá kí aago mẹ́jọ tó lù. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ń pèrò. Wọ́n di àpò gaàrí, páànù, kòkò omi dídùn àti àwa èèyàn sínú rẹ̀ pọ̀. Ọlọ́kọ̀ fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì ààbò, mo wọ̀ ọ́, mo so okùn rẹ̀. Koríko orí omi, èyí tó ń tanná aláwọ̀ aró, ti bo apá kan èbúté. Wọ́n fi ọ̀pá ti ọkọ̀ jáde kí wọ́n tó ta ẹ́ńjìnnì.

Níbẹ̀rẹ̀, igi ògùrọ̀ ló wà lọ́tùn-ún lósì. Bí a ṣe ń sún mọ́ òkun, igi ń kúrú, ewé ń dín. Nígbà tó yá, kìkì ìtí igi tó ti kú ló kù, funfun bí eegun, tí wọ́n dúró sínú omi. Ìyá kan tó jókòó tì mí ní òun gbọ́njú bá igbó níbẹ̀. Omi iyọ̀ ló pa wọ́n. Ẹja inú omi dídùn náà bá wọn lọ.

A gúnlẹ̀ láàárín wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ Ayétòrò kò ní mọ ohun tí mo ń sunkún rẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kìíní 1947 ni àwọn Aládùúrà kan, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ ìlú yìí dó sórí ẹrẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ohun ìní jọ pọ̀, kò sí pé tèmi, kò sí pé tìrẹ. Wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi ńláńlá, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe ọṣẹ. Iná mànàmáná ti tàn níbí ní 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Pákó ni wọ́n fi ṣe títì, láti ẹnu ọ̀nà ilé kan dé èkejì. Ìlú Ayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, sọ fún wa pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ìrìn tó gùn ni kéèyàn tó rí òkun láti ilé àwọn.

Lónìí, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà Bàbá, ìfófòó òkun ta sí mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá ti gbó sí i. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, “Òṣùpá lo tẹ̀ lé wá, àbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n lọ jẹ pupuru kó tó tutù.

Ọjọ́rú, 30 Oṣù Kẹjọ

Bàbá mú mi lọ wo òpó wọn. Òpó ilé àtijọ́ ni, òun nìkan ló kù níbi tí ilé ìdáná wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi àdá kọ ìlà sára rẹ̀, ìlà kan fún omi ńlá kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rí. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, nítorí ìsán ti bo wọn. Èyí tó ga jù ni ti oṣù kẹjọ tó kọjá, ó bá mi dé ìdodo. Mo fi ọwọ́ kàn án. Orí ìlà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí fóònù wà.

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ tí omi bá fẹ́ dé. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Èkíní ni òṣùpá. Bó bá kún, tàbí bó bá kú tí tuntun lé, omi máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì tún máa ń fà jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní èyí ní kíláàsì: òṣùpá ń fa omi òkun, oòrùn ń fà á, ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ayé, wọ́n á jùmọ̀ fà á. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún létíkun wa. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi kíkún àti omi fífà kò ju nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé lórí òkè á ní kí ni mítà kan. Níbí, ilẹ̀ tẹ́ bí ọpọ́n, mítà kan ni gbogbo ìlú.

Èkejì ni ìgbì. Bàbá ní kí n di ojú mi, kí n gbọ́. “Ìgbì tó bá ń sáré tẹ̀ lé ara wọn, atẹ́gùn ibí ló dá a. Kò ní nǹkan kan. Èyí tó bá ń pẹ́ kó tó dé, tó wá ń dún láti ìsàlẹ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Òun ni kó o sá fún.” Wọ́n kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé mẹ́rìnlá, kí òmíràn tó fọ́. Mo gbé fóònù jáde, mo fi aago rẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ìṣẹ́jú àáyá 13, 14, 14, 13, 14.

Ara mi bù máṣọ. Ohun tí Bàbá ń kà yẹn gan-an ni ohun tí àwọn onímọ̀ òkun ń wọ̀n. Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni ìgbà òtútù ní ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì ti lọ kan yìnyín. Ìjì ńláńlá ń jà níbẹ̀, ìgbì tí wọ́n bá dá sílẹ̀ á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà fún ọjọ́ mélòó kan kó tó bá wa nílé. Kò sí ìkùukùu tó ń bá a rìn. Ìdí nìyẹn tó fi lè jẹ́ pé oòrùn ń ràn ní Ayétòrò, ilé sì ń lọ.

Ẹ̀kẹta ni odò ẹ̀yìn ìlú. Bí omi òkun bá ti fà, ó yẹ kí odò náà fà. Bó bá kọ̀ tó dúró síbẹ̀, omi ti ga lójú òkun, èyí tó ń bọ̀ kò ní rí ibi gbà. Bàbá ní àwọn ti rí i bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ lónìí.

Mo wo ojú fóònù mi nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọjú díẹ̀. Àwòrán ìkùukùu àti oòrùn tó yọ orí. Kò sí òjò. Kò sí ọ̀rọ̀ òkun kankan níbẹ̀.

Lálẹ́, òṣùpá yọ. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí pákó, ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀ débi pé mo lè ka ìwé tí mò ń kọ yìí. Màmá, ìyàwó Bàbá, kò wo òṣùpá. Wọ́n ń so àpò ìrẹsì, aṣọ, bùrẹ́dì àti ike oògùn mọ́ igi àjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fa okùn rẹ̀ wò bóyá ó le.

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Kẹjọ

Màmá jí mi ní aago mẹ́rin òru. Wọn ò pariwo, wọ́n kàn fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i: omi ń rìn lábẹ́ ilé. Pákó tí mo sùn lé ń gbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá lẹ́bàá ilé ní Ìbàdàn. Mo tan iná fóònù sáàárín àlàfo pákó, mo rí omi tó ń tàn, ewé gbígbẹ ń yí lórí rẹ̀, bàtà ọmọdé kan tẹ̀ lé ewé. Ó dúró níbẹ̀ bíi wákàtí kan, kò gòkè sí i. Lẹ́yìn náà ló padà. Bàbá kò dìde lórí ẹní. Wọ́n ní, “Ti ìrọ̀lẹ́ ni kó o dúró dè.”

Láàárọ̀, oòrùn yọ. Atẹ́gùn kò le. Àwọn obìnrin ń yan edé. Ká ní mo wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n pè mí, màá ní kò séwu.

Láti aago mẹ́ta ọ̀sán, ìlú dákẹ́. Wọ́n kó ewúrẹ́ gòkè sórí pákó. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń gbé àpò tí wọ́n kó ẹrẹ̀ sí jọ níwájú àwọn ilé tó kọjú sí òkun. Kò sí iyanrìn níbí tí wọn ì bá rọ sínú àpò, ẹrẹ̀ dúdú ló wà. Ó ń wúwo lọ́wọ́, ó sì ń yọ́ jáde bí omi bá fọwọ́ kàn án. Mo bá wọn gbé mẹ́fà. Ẹ̀yìn mi ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, omi kọjá òpó àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé ó sáré. Ó kàn ń wá, ó ń padà, ìgbà tó bá tún wá, ó ti kọjá ibi tó dé tẹ́lẹ̀. Ó bo àpò ẹrẹ̀. Ó wọ ilé aládùúgbò wa láti ìdí ògiri, ó gbé ike kan jáde láti ẹnu ọ̀nà kejì. Ìgbì ńlá kan wá bú lu iwájú ilé kan tí kò séèyàn nínú rẹ̀ mọ́, mo rí i tí ògiri pákó náà fara tì sẹ́yìn, tó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, kó tó lọ. Ẹnikẹ́ni kò ké. Ọkùnrin kan kàn sọ orúkọ bàbá tó kọ́lé náà, ó sì bọ́ fìlà.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Mo dúró lórí pákó, mo ń wo àwọn onílé. Wọ́n ti kọ̀ fún omi láti ọdún pípẹ́. Pẹ̀lú àpò ẹrẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ̀ fún un.

Bàbá dúró tì mí, àdá lọ́wọ́, wọ́n ń wo òpó. Ní bíi aago márùn-ún, omi dúró. Wọ́n dúró títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, kí wọ́n lè rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lára igi. Wọ́n wọ inú omi lọ, wọ́n gé ìlà tuntun. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n: ìka mẹ́rin ló fi relẹ̀ sí ti ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Omi ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta lẹ́yìn òṣùpá ló máa ń le jù. Mo ti kà á nínú ìwé, Bàbá sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀: ti ìrọ̀lẹ́ òní ga ju ti àná lọ, ìka méjì péré ló kù kó bá ti ọdún tó kọjá. Ilé ìdáná tuntun tí Màmá gbé sẹ́yìn kò lọ. Ìyẹn ni mo ń dúpẹ́ fún.

Láàárọ̀, bí òkun ṣe fà, mo bá àwọn ọ̀dọ́ méjì rìn lórí ẹrẹ̀. Ibi tí wọ́n ń fi ọwọ́ hàn mí, omi ló wà níbẹ̀. “Ilé ìwòsàn wà níbẹ̀ yẹn.” “Ibi ìsìnkú wà níbẹ̀ yẹn.” Bàbá àgbà àti ìyá àgbà mi wà nínú àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀. Mo dúró, mo gbàdúrà, mo kọjú sí òkun nítorí kò sí ibòmíràn tí mo lè kọjú sí.

Kí ló dé tó fi burú níbí báyìí? Òkun ayé ti ga sí i, nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà láti bí ọdún 1900. Ìyẹn wà fún gbogbo etíkun. Ṣùgbọ́n etíkun Màhín yìí, ẹrẹ̀ ni, láti apá Lẹ́kkí lọ sí odò Benin. Iyanrìn tó ń bá ìgbì rìn láti apá Èkó ń já sínú ọ̀gbun tó wà nísàlẹ̀ òkun, kò fi bẹ́ẹ̀ dé ibí. Ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ń rì. Lórí gbogbo rẹ̀, wọ́n gbẹ́ odò lílà káàkiri nítorí epo rọ̀bì. Ní Awóyè, ní ìlà-oòrùn ibí, irú odò bẹ́ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún omi iyọ̀ wọnú igbó. Èèyàn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Mi ò fẹ́ ká máa sọ pé ojú ọjọ́ nìkan ló ṣe é.

Láti 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ jáde pé kí wọ́n dáàbò bo etíkun ìlú yìí. Wọ́n tún un gbé fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Mo wá ògiri náà kiri lónìí láti òpin ìlú dé òpin ìlú, ẹrẹ̀ ni mo rí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó fẹ́yàwó.

Ọ̀dọ́ kan bi mí pé ṣé Èkó sàn. Mo ní wọ́n kó òkúta síwájú Eko Atlantic níbẹ̀, ìlú tuntun tí wọ́n ń kọ́ sí etíkun, òkun ń fọ́ sí i lára. Mo sì rán an létí Kúrámọ̀, ní oṣù kẹjọ 2012, nígbà tí òkun wọlé bá àwọn tó ń gbé ní etíkun náà lóru tó sì gbé èèyàn lọ. Mo yẹ òṣùpá ọ̀sẹ̀ náà wò nígbà tí mo padà sílé Bàbá: oṣù tuntun lé ní ọjọ́ 17 gan-an. Ó wà nínú kàlẹ́ńdà kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Èyí ló ń ká mi lára jù. Ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ ń sọ fún wa lọ́dọọdún ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa tán, àwọn tó ń wo odò ń ka àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè ya wọ̀. Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí rédíò tó ń sọ Yorùbá fi gbólóhùn kan kún un lálẹ́: aago báyìí ni omi máa kún lọ́la, ìgbì báyìí ló ń bọ̀. A ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ìgbà tí omi ń kún ní ọdún kan ṣáájú. Ìgbì ọ̀nà jíjìn, ó ń gba ọjọ́ mélòó kan kó tó dé, ọjọ́ yẹn tó kí Màmá so ìrẹsì mọ́ àjà, kí ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ gba Igbókòdá lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Mo bẹ Bàbá kí wọ́n bá mi ká lọ sí Ìbàdàn fún oṣù méjì péré. Wọ́n ní ẹni tó bá kúrò, ta ló máa gé ìlà? Mi ò rí èsì fọ̀, mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀. A jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Mo kọ àwọn ọjọ́ yìí sára ògiri wọn pẹ̀lú ẹfun: 15 oṣù kẹsàn-án, oṣù tuntun, 29 oṣù kẹsàn-án, òṣùpá kún, 14 oṣù kẹwàá, oṣù tuntun, 28 oṣù kẹwàá, òṣùpá kún. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí di ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, màá pè wọ́n. Wọ́n á ka ìgbì fún mi. Bó bá ti kọjá méjìlá, Màmá àti àwọn ọmọ á wọ ọkọ̀, èmi ni màá san owó rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èèyàn ní Ayétòrò, ní Awóyè, ní Ìdí-Ògbà, àti gbogbo ibi tó kọjú sí òkun, ẹ mú ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ gbéra ní aago mẹ́jọ àárọ̀, omi ti ń fà. Màmá fún mi ní edé yíyan nínú ọ̀rá, ó ṣì gbóná.

Ní Orè, òjò dé lójijì, ó rọ̀ débi pé dẹ́rẹ́bà dúró. Àwọn èrò ń sọ pé omíyalé ń bọ̀. Mo pe Bàbá. Fóònù dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e, mo gbọ́ òkun lẹ́yìn ohùn wọn.

“Níbí, ojú ọ̀run mọ́ roro,” ni wọ́n wí. “Mo ti kà á. Mẹ́sàn-án.”